Ogun Inú Ẹ̀dọ̀

Ní Yemetu, ní ìlú Ìbàdàn, ni Ilé-Ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì ti ń kọ́ iṣẹ́ kí a tó ṣí ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní ọdún 1957. Ilé ìgbẹ̀bí tí a mọ̀ dáadáa ni. Ètò ìjọba Nàìjíríà ni pé kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Èéṣe tí a fi ń kánjú gún ọmọ tí kò tíì mọ ọmú mu dáadáa ní abẹ́rẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ogun tí ara ń jà.

Ara ènìyàn dàbí ìlú olódi. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sì ni ọmọ ogun rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú wọn. Ẹgbẹ́ B a máa pèsè èròjà tí ń mú kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ T a máa wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá bá fara pamọ́ sí. Bí àwọn baba wa ti ń fi ilà ojú mọ ìdílé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń fi purotéènì ara kòkòrò náà dá a mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn purotéènì náà ni ẹ̀wù tí ó wọ̀ sóde. Òmíràn ni èèpo tí ó wà lábẹ́ ẹ̀wù náà.

Kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ń lé e ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé: ẹni tí yóò pa á kò lè ṣàì já ewé. Bí àgbàlagbà bá kó àrùn náà, ogun lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ibà pọ́njú yóò fi dé, ṣùgbọ́n ara a sábà máa ṣẹ́gun. Nínú àgbàlagbà 100, iye tí àrùn náà ń bá gbé títí kò tó 5.

Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ti lè kó àrùn náà nígbà ìbí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò tíì gbó. Kòkòrò náà a sì máa da ẹ̀wù òfìfo púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé òjìji ni wọ́n ń bá jà títí àárẹ̀ yóò fi mú wọn. Nínú ọmọ 100 tí ó bá kó o báyìí, bí 90 ni yóò máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n lè má mọ̀, títí àpá yóò fi bo ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn nínú wọn tàbí tí jẹjẹrẹ yóò fi mú un. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni ó ń gbé àrùn yìí kiri ní ayé.

Báwo ni a ṣe rí ẹ̀wù ọ̀tá yìí mú? Ní ọdún 1965, Baruch Blumberg ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí purotéènì àjèjì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé ẹ̀wù kòkòrò hepatitis B ni. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976. Abẹ́rẹ́ òde òní kò ní kòkòrò nínú rárá; ẹ̀wù yẹn nìkan, tí a fi ìwúkàrà ṣe, ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun, bí ìgbà tí a fi aṣọ ọ̀tá han oníbodè kí ọ̀tá tó yọ.

Kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìyá tí ó bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ kìíní, tí ó sì padà wá gba ìyókù ní àkókò rẹ̀, ti múra ogun sílẹ̀ kí ogun tó dé.