Òpó Kò Dàgbà, Ilẹ̀ Ni Ó Lọ

Nígbà tí a bá ń ṣe àdúrà fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà a máa wí pé koko ni ara ọta ń le, àti pé a kò gbọ́ ọ rí pé òkúta ṣe àìsàn. Àdúrà rere ni, gbogbo wa ni a sì máa ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ sọ fún yín lónìí pé òkúta pàápàá ní ohun tí ń jẹ ẹ́. Ohun náà kì í kánjú. Òun kan náà ni ó sì ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ń sùn sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú ní àdúgbò wa ní Ọ̀bà-Ilé, ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, sáré wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wò ó! Ẹnì kan ti kọ́ ilé kéékèèké yí ilé wa ká."

Mo tẹ̀ lé e jáde. Ní abẹ́ etí òrùlé, níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa ń dà sí, àwọn òpó erùpẹ̀ tín-ín-rín dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òmíràn nínú wọn sì ga tó ìka ọwọ́ mi. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni nǹkan wà bí ẹni dé fìlà: òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí èyí, èkùrọ́ wà lórí tọ̀hún, ìdérí ìgò sì wà lórí òmíràn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sí ara ògiri. Búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ nígbà tí a kó wọ ilé náà, ti yọ síta. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi sì wọlé.

Ní ọjọ́ kejì ni a pe bíríkìlà kan tí ó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ náà. Ó lóṣòó, ó wo ìdí ògiri títí, ó wá wí pé, "Ìyàwó wa, ilé yín kò ga sí i o. Ilẹ̀ ni ó lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí òjò ń ṣe fún ilẹ̀ àti fún òkúta. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

FÌLÀ TÍ Ó GBA ERÙPẸ̀ LÀ

Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn òpó kéékèèké tí ọmọ mi rí. Òjò ni ó gbẹ́ wọn. Bí ẹ̀kán òjò ńlá bá ń bọ̀ láti òkè, ó máa ń sáré tó mítà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ní ohunkóhun lórí, ńṣe ni ó dà bí òòlù kékeré: ó ń fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń ta á káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni omi tí ń ṣàn yóò wá kó erùpẹ̀ tí ó ti tú náà lọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò bá wà, òun ni yóò fi orí gba ìlù náà. Erùpẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò dúró, gbogbo èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ. Nítorí náà, orí òpó yẹn ni ojú ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀pá ìdiwọ̀n wọ̀n ọ́n: bí òpó náà bá ga ní íǹṣì kan, íǹṣì kan erùpẹ̀ ni ó ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri yín níbẹ̀. Òpó náà kò dàgbà, ilẹ̀ ni ó lọ.

ÀWỌN ÒKÈ TÍ A MỌ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ọ̀bà-Ilé, tí ẹ la Àkúrẹ́ kọjá, tí ẹ sì kọrí sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó dé Ìdànrè, níbi tí àwọn àpáta ńláńlá ti yí ìlú ká bí ògiri. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí òkè, níbi tí ìlú Ìdànrè àtijọ́ wà. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà wọ inú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń gbèrò pé kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹni tí ó bá wo àwọn àpáta wọ̀nyí lè rò pé ńṣe ni wọ́n hù jáde láti inú ilẹ̀ bí olú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, akọ òkúta yìí jẹ́ ohun yíyọ́ gbígbóná ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ó ti tutù díẹ̀díẹ̀ tí ó sì le. Ilẹ̀ àti àwọn òkúta mìíràn ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí òjò àti odò ti ń kó ohun tí ó bò ó lọ láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù orí rẹ̀ ń fúyẹ́, òkúta náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Inú àwọn ojú sísán wọ̀nyí ni omi ń gbà wọlé. Omi òjò a máa fa díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta mọ́ra, bí ó bá sì gba àárín ewé jíjẹrà kọjá, yóò tún fa sí i. Èyí ni ó máa ń mú kí ó kan díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Omi kíkan yìí ni ó ń sọ òkúta di rírọ̀.

Ẹ mú ègé òkúta Ìdànrè kan lọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí àwọn hóró funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó rí àwọn tí ń dán bí dígí, ẹ ó sì rí àwọn dúdú láàárín wọn. Àwọn hóró funfun àti pupa wọ̀nyẹn ni omi ń sọ di amọ̀. Àwọn tí ó dà bí dígí kì í jẹrà, àwọn ni ó ń di iyanrìn. Nítorí náà, amọ̀ tí ìyá wa fi mọ ìkòkò àti àmù, àti iyanrìn tí bíríkìlà fi po sìmẹ́ńtì, ọmọ òkúta ni àwọn méjèèjì.

Ẹ ó bi mí pé, èé ṣe tí apá kan fi jẹrà tí apá kejì sì dúró? Ẹ wo ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi fún fùfú. Èyí tí a gé sí wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ rọ̀, nítorí pé omi rí ọ̀nà púpọ̀ gbà wọ inú rẹ̀. Èyí tí a fi sílẹ̀ lódindi yóò ṣì le láàárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta. Níbi tí ojú sísán bá pọ̀ sí, òkúta yóò jẹrà di erùpẹ̀. Níbi tí kò bá pọ̀ sí, yóò dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbàrá yóò kó èyí tí ó rọ̀ lọ, tí yóò sì fi èyí tí ó le sílẹ̀ lórí ìdúró. Ohun tí à ń pè ní òkè Ìdànrè nìyẹn: ohun tí ó kù lẹ́yìn tí omi ti kó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di òní ni ara àpáta náà ṣì ń bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà.

Ibòmíràn wà tí irú iṣẹ́ yìí ti bí òpó gidi. Ní Àdó-Àwáyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òkúta gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ìṣàgẹ̀ nàró lórí òkè, tí ìdí rẹ̀ kéré débi pé ẹnu máa ń ya àlejò pé kò ṣubú. Ní Riyom, lẹ́bàá Jos, àwọn òkúta gun ara wọn lórí bí ẹni pé òmìrán ni ó tò wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó tò wọ́n. Ní Sindou ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ọ̀wọ́ àwọn òpó ṣóńṣó tí ó jẹ́ òkúta oníyanrìn dúró gbọọrọ, òjò àti afẹ́fẹ́ ni ó gbẹ́ wọn.

Ẹ má sì ṣe rò pé òpó kì í wó. Ní oṣù keje ọdún 2005, ọ̀kan nínú àwọn òpó òkúta ńlá tí wọ́n ń pè ní Twelve Apostles ní etí òkun ilẹ̀ Ọsirélíà wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn tí ìgbì ti ń jẹ ìdí rẹ̀ láti ayébáyé. Ìdí ni a ti ń jẹ òpó, orí ni ó fi ń ṣubú.

TA NI Ó ṢÍ FÌLÀ LÓRÍ ILẸ̀?

Bí omi bá lè ṣe èyí fún akọ òkúta, kí ni erùpẹ̀ àgbàlá wa jẹ́ níwájú rẹ̀? Àìmọye ọdún ni ó fi gbẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n òjò ọdún kan tó láti kó ilẹ̀ kúrò nídìí ilé.

Ní ìgbà àtijọ́, oko àti igbó ni ó yí Ọ̀bà-Ilé ká. Lónìí, ilé ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́, pàápàá ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀wọ̀. A gé igi, a ro ilẹ̀, a sì kan páànù sórí ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí òrùlé yín bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, òjò kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 yóò da 5,000 lítà omi sórí rẹ̀. Èyí kún dírọ́ọ̀mù ńlá 25. Gbogbo omi yìí ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí ojú ìlà tín-ín-rín kan nídìí ògiri.

Ìgbálẹ̀ wa ńkọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìyàwó rere a máa jí ní kùtùkùtù gbá àgbàlá títí kò fi ní ku ewé kan. N kò sọ pé kí a di ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbá ilẹ̀ lásán lójoojúmọ́, a ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, a sì ń ṣí fìlà lórí èyí tí ó kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí ìpìlẹ̀ bá ti ṣófo, ògiri yóò lanu, ó sì lè wó lé ọmọ lórí níbi tí ó sùn sí. Bí omi bá sì jẹ etí ṣaláńgá, ìdérí rẹ̀ lè jìn mọ́ ọmọ tí ń ṣeré lẹ́sẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ẹ gbá iwájú ilé àti ibi ìdáná kí ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí koríko kúkúrú bo ìyókù àgbàlá. Bí a bá ń gé e déédéé, ejò kò ní rí ibi sá pamọ́ sí.

Èkejì, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yí ilé ká. Yóò ṣe fún ilẹ̀ yín ohun tí ìdérí ìgò ṣe fún àwọn òpó ọmọ mi. Bí agbára bá wà, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi kọnkéré ṣe ojú ìṣàn omi lọ sínú gọ́tà. Ẹ má sì da pàǹtírí sínú gọ́tà náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbe omi òjò sínú dírọ́ọ̀mù fún aṣọ fífọ̀. Ẹ rí i pé ẹ dé e pinpin, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, kí ó má bàa kó sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí àgbàlá yín bá dagun, ẹ gbin ewé tíì tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ìlà tí ó dábùú ojú ìṣàn omi. Gbòǹgbò wọn yóò di ilẹ̀ mú, ẹ ó sì rí nǹkan mú wọ ilé ìdáná.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa iyanrìn nítòsí ilé. Bí ẹ bá rí ìpìlẹ̀ tí ó yọ síta tàbí ògiri tí ó sán, ẹ tètè pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Ní ti ilé wa, bíríkìlà náà ti yangí bọ abẹ́ ìpìlẹ̀, ó gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Nígbà tí òjò ńlá mìíràn rọ̀, ọmọ mi wá àwọn ilé kéékèèké rẹ̀ títí, kò rí wọn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú tèmi dùn. Mo ṣèlérí fún un pé n óò mú un lọ wo òpó tí ó jù wọ́n lọ. Ní ìgbà ìsinmi, a gun òkè Ìdànrè pọ̀, a sì jókòó sinmi léraléra lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé òkè, ó wo àwọn àpáta yíká, ó wá bi mí pé, "Màmá, ibo ni ilẹ̀ wọn lọ?" Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí oko àti ìlú wà, mo sì sọ fún un pé omi ti kó o lọ.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí òjò bá dá ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé yín ká. Bí ẹ bá rí òpó kéékèèké lábẹ́ etí òrùlé, ẹ má fi ẹsẹ̀ wó wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n, nítorí pé wọn yóò sọ fún yín bí ilẹ̀ tí ó ti lọ nídìí ilé yín ti pọ̀ tó.