A Ń Sunkún, A Sì Ń Ríran

Ìyá alákàrà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe àwa olùkọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: « Prof, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín kan wà tó máa ń ra àkàrà márùn-ún lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò rà mọ́. Ó ń kọjá, ṣùgbọ́n kì í wojú mi. Ẹ bá mi wò ó. »

Ojú tì wá. Ọmọbìnrin náà wà ní kíláàsì àṣekágbá, ó ń múra sílẹ̀ fún bac. A ti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ń burú sí i, a sì ti bá a wí lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. A pè é ní ọ̀lẹ. A kò béèrè ohun tó ṣe é. Nígbà tí a béèrè, ọ̀rọ̀ náà kò gùn: ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra láti ọdún méjì lọ sí Kútọnu, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìlà méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ó tán. Kò sí ẹnì kan nílé tó mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kankan wà. Báwo ni yóò ṣe wá sọ pé ó ti lọ?

Ní ilẹ̀ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, ìbànújẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń dá gbé. Bí ọkọ bá kú, ìyàwó a ṣe opó, a ka ọjọ́ fún un, àwọn ènìyàn a wá jókòó tì í. Bí ìgbéyàwó bá tú, ìdílé méjèèjì a pàdé, wọn a béèrè ẹni tó jẹ̀bi, wọn a sọ̀rọ̀ ẹrù ìdána. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 lórí ẹbí tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìdána yìí: ó ní àmì lásán ni owó orí jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ kí ìdána tó dé ńkọ́? Kì í ṣe opó, kì í ṣe adélémọṣú, kò sì sí orúkọ tí a ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò ní kí i. Èdè Faransé tí a fi kọ́ wa níwèé ní « chagrin d'amour », àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ọ́n lò dáadáa nínú dissertation, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà dé bá ọmọ yìí, Yorùbá ló fi sọ ọ́ fún wa: « Ó já mi jù sílẹ̀. » Ó sọ ọ́ bí ẹni pé igbá ni òun.

Àwọn òbí a máa sọ pé eré ọmọdé ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2011, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó 40 ènìyàn jọ tí olólùfẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wọn wò nígbà tí wọ́n ń wo fọ́tò ẹni tó lọ náà. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a fi ohun gbígbóná kàn wọ́n lápá. Àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tó ń dáhùn sí ìrora ara dáhùn sí fọ́tò náà pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní àyà ń dun òun, kò parọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Fọ́tò náà ni ìṣòro ayé òde òní. Nígbà tiwa, ẹni tó bá lọ ti lọ; bóyá fọ́tò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, nínú ìwé kan. Nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ wà nínú tẹlifóònù, lábẹ́ ìrọ̀rí, ọmọ sì ń ṣí egbò náà fúnra rẹ̀ ní agogo méjì òru. A kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí ó pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, nítorí a mọ̀ pé kò ní ṣe é. A ní kí ó kó wọn sórí káàdì kékeré kan, kí ó fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn ló ṣe.

Àwọn mìíràn a gbé ibínú wọn sórí statut. Wákàtí 24 péré ni í lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti yà á ní àwòrán kò ní gbàgbé. Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ rántí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní ọjà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé mọ bí a ṣe ń fi ìwà àìtọ́ kọrin ní gbangba. Àmọ́ ẹni tó ń kọrin náà ní ìbòjú, ó ní ẹgbẹ́ tó ń gbè é, ó ní àgbà tó ti gbọ́ orin náà ṣáájú, ilẹ̀ a sì mọ́. Ẹni tó ń kọ statut dá wà.

Àwa tí a ń kọ èyí náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2001, a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ní Calavi. Lẹ́tà kan dé ní ọjọ́ Ẹtì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti ń fẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́: àwọn òbí rẹ̀ ti fi í fún ẹlòmíràn, òun náà sì ti gbà. A kà á títí a fi mọ̀ ọ́n sórí. A wọ ọkọ̀ lọ sí Kétu, a purọ́ pé ìsinmi ni. Bàbá wa kò béèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ méjì, ó ní kí á tẹ̀lé òun lọ kọ ebè iṣu. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a fi kọ ebè. Àtẹ́lẹwọ́ wa bó, ẹ̀yìn ro wá, a sì ń sùn lálẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, bí a ti jókòó lábẹ́ igi tí a ń mu omi, ó ní: « Ọmọ mi, ṣé ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀? » Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀. A sunkún níwájú rẹ̀, kò sì ní kí á dákẹ́, kò sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ó kàn ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó na ọwọ́ sí ebè tó kù, a sì dìde.

Kò tán ní ọjọ́ kẹjọ o. Ó gbà wá tó ọdún kan kí a tó lè gbọ́ orúkọ náà láìdúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní gbèdéke, kí ẹ má sì yára fi ẹlòmíràn dí àlàfo náà. Ẹni ẹlẹ́ni ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tàbí tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ebè. Kí á má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí á mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, a béèrè ẹni tí ó fẹ́ kó gbọ́. Kò dárúkọ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló dárúkọ. Ọmọ náà lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ màmá àgbà náà. Nígbà tó padà, ó sọ fún wa pé ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, màmá sọ ìtàn ọkùnrin kan fún òun, tó ti fẹ́ fẹ́ màmá kí bàbá àgbà tó dé, tó sì lọ sí Gánà láìdágbére. Kò sí ẹnì kan nínú ìdílé tó gbọ́ ọ rí. « Prof, màmá ṣì mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń pè é. »

Kò yege bac lọ́dún náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sọnù pọ̀ jù, ìbáwí wa sì wà nínú ohun tó fà á. Ó tún un ṣe, ó sì yege. Lọ́jọ́ tó wá gba ìwé rẹ̀, a rí i lẹ́nu ọ̀nà níwájú agbada. Àkàrà márùn-ún ló rà. Ìyá alákàrà fi ẹyọ kan lé e, kò sì gba owó rẹ̀.