Ìjì Líle Ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì àti Gbèsè Tí Ó Fi Sílẹ̀

Ìjì tí àwa mọ̀ níhìn-ín ni èyí tí í jà nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, tí í ṣí páànù ilé, tí í sì wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Kì í pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìjì mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ojú òkun ni ó ti í bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú omi òkun gbóná púpọ̀, ooru omi náà yóò gòkè, afẹ́fẹ́ yóò sì máa yí po bí ààjà, tí fífẹ̀ rẹ̀ lè tó 300 máìlì. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí omi gbígbóná, agbára rẹ̀ lè máa pọ̀ sí i.

Irú rẹ̀ ni Idai, tí ó jà ní ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2019. Ó kọ́kọ́ rọ òjò ńlá sí Mòsáḿbíìkì àti Màláwì, lẹ́yìn náà ni ó padà sójú òkun lọ gba agbára kún agbára. Ní òru ọjọ́ 14 ni ó kọlu Beira, ìlú èbúté ńlá, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ń sáré ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan. Odò Buzi àti odò Pungwe kún àkúnya, wọ́n bo ìletò àti oko mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn sì gun òrùlé àti igi láti gba ẹ̀mí ara wọn là. Àwọn tí ó kú ní Mòsáḿbíìkì nìkan lé ní 600.

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà kò tán. Ìkórè àgbàdo kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí omi ba oko tí ó lé ní 700,000 hẹ́kítà jẹ́. Àgbẹ̀ tí kò ní oúnjẹ ọdún mìíràn ju èyí tí ó wà lóko lọ, kí ni yóò jẹ? Omi ẹlẹ́gbin dàpọ̀ mọ́ omi mímu. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ìjọba kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, a fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 800,000 ní oògùn àjẹsára mu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí sì ṣèrànwọ́ láti dá àrùn náà dúró.

Ohun tí ó bàjẹ́ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là. Mòsáḿbíìkì, tí ó ti jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀, tún yá nǹkan bíi mílíọ̀nù 118 dọ́là lọ́wọ́ àjọ IMF ní oṣù kẹrin. Òótọ́ ni pé kò ní èlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá owó ni yóò san án. Kí oṣù náà tó parí, ìjì kejì, Kenneth, ti tún jà ní àríwá ilẹ̀ kan náà.

Ìjì kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Àtúnṣe ni ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Olówó a tún ilé kọ́ láti inú ohun tí ó fi pamọ́. Tálákà a tún un kọ́ láti inú oúnjẹ ọ̀la. Nítorí náà, ohun tí a bá ṣe kí ìjì tó dé ni owó rẹ̀ kéré jù. Ní Beira, àwọn ojú àgbàrá tí a ti tún ṣe ṣáájú ni ó ran ìlú náà lọ́wọ́ láti gbẹ. Ìkìlọ̀ tí ó tètè dé etí ará oko, ilé gíga tí a lè sá sí, àti irúgbìn tí a kó pamọ́ sí orí òkè: ìwọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí ìjì òru kan di ìyà ọdún púpọ̀.