Gìtá àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà: ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé Àbújá mọ̀ kó tó náwó

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wọ Àbújá láti aṣálẹ̀ Sahara. Ètè á máa bó, gìgísẹ̀ á máa là, ilẹ̀kùn tó ń há nígbà òjò á wá máa ṣí wẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣe pákó ilẹ̀kùn yìí náà ló ń ṣe pákó gìtá. Ó wà lára ìdí tí àgbàlagbà fi ń ra gìtá, tó ń gbìyànjú fún oṣù díẹ̀, tó sì ń gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ ti lọ, pé èèyàn kì í kọ́ orin mọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún. Mo ta ko èrò yẹn. Gìtá tí wọn ò yàn dáadáa, tí wọn ò sì tún ṣe kó bá ìka mu, ló ń lé àgbàlagbà padà ju ọjọ́ orí lọ.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Andy Mooney jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Fender, tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ó sọ pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ra gìtá àkọ́kọ́, bíi mẹ́sàn-án ló ń pa á tì kí ọdún kan tó yí po. Ilẹ̀ tí olùkọ́ àti alátùn-únṣe gìtá wà káàkiri lèyí o. Níhìn-ín, owó tí èèyàn fi ń dán an wò tún ti lé sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ gìtá tó wà lọ́jà wa ti ń wá, nítorí náà ẹni tó bá ṣi gìtá rà lásìkò yìí, owó ńlá ló gbé sọnù.

Okùn irin àbí okùn náílọ́nù?

Èyí tí ojú wa mọ̀ jù ni gìtá olókùn irin tí gbogbo èèyàn ń pè ní box guitar. Bí wọ́n bá fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ títí ohùn wọn fi pé, agbára tó ń fa ọrùn gìtá náà lé ní 70 kílò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò símẹ́ńtì kan ààbọ̀. Ti olókùn náílọ́nù, tí wọ́n ń pè ní classical, kò ju nǹkan bí 40 kílò lọ. Ìka ọwọ́ òsì ló ń jìyà ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó ti fi ìka tẹ kọ̀ǹpútà ní Sẹkitéríàtì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò ní awọ líle lórí ìka, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí awọ náà tó yi. Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Títí di àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn gìtá classical. Lẹ́yìn ogun náà ni Albert Augustine ní New York sọ okùn náílọ́nù di ohun tí ayé ń lò, tí Andrés Segovia, ògbóǹtarìgì onígìtá ọmọ Spéènì, sì gbé e lárugẹ. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí. Ọrùn gìtá olókùn náílọ́nù fẹ̀, ó máa ń tó mìlímítà 52 níbi orí rẹ̀ nígbà tí ti olókùn irin jẹ́ bíi 43, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré á sì mọ̀ ọ́n lára. Ohùn rẹ̀ tún rọ̀, kì í dún gooro bí èyí tí etí wa mọ̀ nínú orin ìyìn.

Gìtá oníná ló rọrùn jù fún ìka, torí okùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Nyanya tàbí Mararaba, tí ògiri kan péré ya òun àti aládùúgbò rẹ̀, lè fi íápíìsì gbọ́ ọ láàárín òru láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó tún ra ohun tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, iná sì gbọ́dọ̀ wà. Ayinde Bakare ló kọ́kọ́ lo gìtá oníná nínú orin jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1949, láti ìgbà náà sì ni a ti mọ ohùn yẹn mọ́ jùjú. Bó bá jẹ́ pé King Sunny Adé ló mú kí gìtá wù yín, ẹ má gbà fún olùkọ́ tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ọdún kan ta box guitar kí ìka yín lè le. Kò sí ohun tí ìyà yẹn ń kọ́ni tí gìtá oníná kò lè kọ́ yín.

Ẹ mú káàdì ATM lọ sí ọjà

Orúkọ tó wà lórí gìtá kì í sọ bóyá ìka yóò lè tẹ̀ ẹ́. Gíga okùn lórí ọrùn rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni wọ́n ń pè ní fret. Ẹ kà á láti orí wá títí dé ìkejìlá. Ibẹ̀ ni okùn ti pín sí méjì ọgbọọgba. Lórí gìtá olókùn irin, àlàfo tó wà láàárín okùn tó nípọn jù àti fret kejìlá kò yẹ kó ju mìlímítà méjì sí méjì ààbọ̀ lọ.

Ẹ kò nílò rúlà. Káàdì ATM kan nípọn tó mìlímítà 0.76, ìwọ̀n kan náà ni káàdì báńkì ń ní kárí ayé. Ẹ to mẹ́ta léra, kí ẹ yẹra fún èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ yọ síta, kí ẹ sì rọra kì wọ́n sábẹ́ okùn náà níbi fret kejìlá. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ wẹ́kú láìgbé okùn sókè, gìtá náà ṣeé tẹ̀. Bí mẹ́rin bá wọlé tí àyè sì tún ṣẹ́kù, ìka yín yóò sunkún. Okùn náílọ́nù máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń mì gbòòrò: mẹ́rin sí márùn-ún kò burú fún un.

Okùn tó ga kì í ṣe ìdí láti sá fún gìtá tó dára o. Ike funfun kan wà nísàlẹ̀, lórí ikùn gìtá, tí okùn jókòó lé. Alátùn-únṣe lè yún un kó relẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá olókùn irin tún ní ọ̀pá irin kan nínú ọrùn tí wọ́n lè yí kí ọrùn náà lè tọ́. Iṣẹ́ yìí kì í pẹ́. Èmi rò pé owó tí ẹ bá ná sí i wúlò ju owó tí ẹ bá fi kún gìtá láti ra èyí tó lórúkọ jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wà ládùúgbò yín. Ó mọ ẹni tó ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ọwọ́ wọ́ etí ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí orí irin fret bá ń gún yín, pákó ọrùn náà ti gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù wo okùn kọ̀ọ̀kan ní òfìfo, ìyẹn láìfi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá. Ohùn kan náà ló yẹ kí áàpù náà dárúkọ, èyí tó gòkè nìkan ni yóò yàtọ̀. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan púláíwúùdù

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Taylor àti Martin ní Amẹ́ríkà sọ pé afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ́ gìtá lọ́rùn. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Àbújá lè wálẹ̀ kọjá ìdá ogún. Pákó máa ń pàdánù omi tó wà lára rẹ̀ nígbà náà, ó sì máa ń sún kì. Kì í kúrú ní gígùn; ní ìbú ló ti ń dín kù. Irin kì í sún kì ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí fret fi ń yọ síta. Ikùn gìtá á rì, okùn á máa ha irin, pákó ikùn náà sì lè là gbàgà. Bí òjò bá dé, ó di ìdàkejì: pákó mu omi, ikùn wú, okùn gbéra sókè. Gìtá tí káàdì mẹ́ta wọ̀ lóṣù kejìlá lè gba mẹ́rin lóṣù kẹjọ, kí ẹni tó ni ín sì máa rò pé ọwọ́ òun ló ń burú sí i.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn tó ń ti òkè òkun wá kò ti bá wa mu. Wọn á ní kí ẹ ra gìtá tí ikùn rẹ̀ jẹ́ pákó ògidì, torí pé ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n púláíwúùdù jẹ́ ìpele pákó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, tí ìṣàn ọ̀kan dábùú ìṣàn èkejì; bí ọ̀kan bá fẹ́ sún kì, èkejì á dì í mú. Ó ń fara da ọyẹ́ ju pákó ògidì lọ, ó sì dínwó. Yamaha F310 olókùn irin àti Yamaha C40 olókùn náílọ́nù, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dárúkọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, púláíwúùdù ni ikùn àwọn méjèèjì. Fún Àbújá, èmi ò rí i bí àbùkù rárá.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri nígbà ọyẹ́. Ẹ fi í sínú àpò rẹ̀. Ẹ lu ihò sára ike ọṣẹ kan, kí ẹ ki kànrìnkàn tí ẹ ti rẹ sómi, tí ẹ sì ti fún dáadáa, sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sínú àpò náà pẹ̀lú gìtá. Ẹ má sì fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta: gọ́ọ̀mù tó di pákó mú máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀.

Ṣé ọpọlọ àgbàlagbà ṣì gbà á?

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò fi bò pé ọmọdé ní àǹfààní. Ní ọdún 1995, Thomas Elbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàyẹ̀wò ọpọlọ àwọn olórin mẹ́sàn-án tó ń ta ohun èlò olókùn. Onígìtá kan wà nínú wọn. Apá tó ń gba ìròyìn láti ìka ọwọ́ òsì tóbi lọ́pọlọ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì hàn jù lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Èyí ni àwọn èèyàn gbọ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ó ti bọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2004, Bogdan Draganski àti ikọ̀ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ti dàgbà tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè tí wọ́n ń gbè é, apá kan nínú ọpọlọ wọn pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fi eré náà sílẹ̀, ó tún dín kù. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí dán irú rẹ̀ wò lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Wọn ò yára mọ̀ ọ́n bí àwọn ọ̀dọ́, síbẹ̀ ọpọlọ tiwọn náà yí padà. Gary Marcus, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọpọlọ ní Yunifásítì New York nígbà náà, tiẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá nígbà tó ń súnmọ́ ogójì ọdún, ó sì kọ ìwé kan lé e lórí, *Guitar Zero*, tó jáde ní 2012.

Ìwádìí tó wúlò jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọlọ́jà tí kò ráyè ni ti Matthew Walker, onímọ̀ nípa oorun, ní 2002. Ó ní kí àwọn èèyàn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún fi ìka ọwọ́ òsì tẹ nọ́ńbà kan léraléra bó ṣe yá wọn tó. Àwọn tó sùn mọ́jú fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i láìtún dánra wò. Àwọn tó kàn lo iye wákàtí kan náà lójúfò kò fi bẹ́ẹ̀ ní èrè. Ọwọ́ òsì yẹn náà la fi ń tẹ okùn gìtá. Nítorí náà, ìṣẹ́jú ogún lálaalẹ́, kí ẹ tó sùn, sàn fíìfíì ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé.

Ìka méjì àti dò-re-mí

Nílẹ̀ wa, àgbà ló kọ́kọ́ ni gìtá. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tó ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló tan ọgbọ́n fífi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ta gìtá kálẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ni Jacob Sam ará Gold Coast (Gánà òde òní) ti kọ́ ọ, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio, sì gba orin "Yaa Amponsah" sílẹ̀ ní London ní 1928. Nílé ẹmu ni orin yìí ti gbilẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ní Èkó, Tunde King ti ń kọ orin jùjú sínú àwo nígbà tó fi di 1936. Akọrin Aṣa náà ti kúrò lọ́mọdé kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Peter King ní ọ̀nà Badagry láti kọ́ gìtá. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007.

Ohun tí àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn fi bẹ̀rẹ̀, etí ni, ẹni tó ń sọ Yorùbá sì ní in. Gbogbo wa la fi dò-re-mí kọ́ àmì ohùn nílé ìwé. Ẹ mú okùn kan ṣoṣo: dò ni òfìfo rẹ̀, re wà ní fret kejì, mi ní ìkẹrin, fa ní ìkarùn-ún, sol ní ìkeje, la ní ìkẹsàn-án, ti ní ìkọkànlá, dò mìíràn ní ìkejìlá. Ẹ wá orin tí ẹ mọ̀ dáadáa lórí okùn yẹn kí ẹ tó kọ́ kọ́ọ̀dù kankan, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́ọ̀dù G, C àti D tó láti gbé ọ̀pọ̀ orin ìyìn. Justin Sandercoe, ọmọ Australia, ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2003. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà létòlétò, kò sì ń kánjú.

Èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe ni kó jókòó tì yín kó sọ pé ìka kẹta yín kò dúró dáadáa. Ní Àbújá, ibi tí àwọn tó lè ṣe é pọ̀ sí jù ni ibi ìdánrawò akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, láti Kubwa dé Lugbe. Ẹ̀yin olórí akọrin, àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ máa ń pè bí ẹ bá fẹ́ kọ́ èèyàn ní gìtá. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn òbí wọn náà, kí ẹ sì bá wọn fi káàdì díwọ̀n gíga okùn gìtá wọn kí ẹ tó kọ́ wọn ní kọ́ọ̀dù kankan.