Alùpùpù àtijọ́ ní àsìkò òtútù

Alùpùpù àtijọ́ ni alùpùpù tí ó ti pẹ́ lójú pópó, tí ó sì ń lo ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí àwọn alùpùpù òde òní ti ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kabúrétọ̀ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ọ̀pá tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè jí, bátìrì volt 6, àti bíréèkì inú họ́ọ̀bù. Ní àsìkò òtútù, irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ máa ń lọ́ra láti jí, iná rẹ̀ máa ń ṣe bàìbàì, bíréèkì rẹ̀ sì lè má tètè mú. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, òjò àti ọyẹ́ ni ó ń mú òtútù wá, kì í ṣe yìnyín. Nítorí náà, àtúnṣe tí alùpùpù àtijọ́ nílò níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, ohun tí ó ń dá alùpùpù dúró àti ohun tí ó ń jẹ́ kí a rí i ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí a tó ronú kan ohun tí yóò mú un sáré.

Ìtàn

Honda Super Cub, tí ilé-iṣẹ́ Honda ti orílẹ̀-èdè Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1958, ni alùpùpù tí a tíì ṣe jù lọ lágbàáyé; nígbà tí ó fi di 2017, iye rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù 100. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ náà gbé CG125 jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi alùpùpù ṣe iṣẹ́ àṣekára, tí àyè àtitọ́jú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Nítorí èyí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tí ń fẹ́ àmójútó lóòrèkóòrè. Wọ́n tún fi ìdérí bo ṣéènì ẹ̀yìn kí erùpẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Ní Nàìjíríà, Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1979.

Lẹ́yìn tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ní 1986, ọkọ̀ tuntun wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù tòkunbọ̀ kérò. Orúkọ ọ̀kadà tí a ń pe alùpùpù akérò wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òní pè. Bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń tètè gbé èrò débi tí ó ń lọ ni ọ̀kadà ṣe ń yọ èrò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Ní Nnewi, Ìpínlẹ̀ Anambra, tí ó jẹ́ ojúkò òwò ẹ̀yà ara alùpùpù, Innocent Chukwuma, olùdásílẹ̀ Innoson, wà lára àwọn oníṣòwò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó alùpùpù tuntun wọlé ní títúká, tí wọ́n sì ń tò ó pọ̀ ní ilé. Èyí mú kí owó alùpùpù tuntun wálẹ̀. Àwọn alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà, àti lẹ́yìn náà ti ilẹ̀ Íńdíà bíi Bajaj Boxer, wá gba ipò tòkunbọ̀ ilẹ̀ Japan. Síbẹ̀, àwọn ti àtijọ́ kò parẹ́: ẹ̀yà ara wọn ṣì wà lọ́jà, àwọn mẹkáníìkì sì mọ inú wọn dáadáa.

Òtútù ní ilẹ̀ Yorùbá

Ìgbà òtútù méjì ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àsìkò òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì máa ká sẹ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń dé láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà. Ó máa ń kó eruku lọ́wọ́, ó máa ń bo ojú ọ̀run, ó sì máa ń mú kí òwúrọ̀ tutù.

Nítorí pé Èkó wà létí òkun, òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í sábà tutù ju digírì 20 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Lórí òkè Jos, ó lè lọ sísàlẹ̀ digírì 15. Ní London, òwúrọ̀ oṣù kìíní lè tutù dé digírì 0. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí a kọ fún ará Yúróòpù kò fi bá alùpùpù Èkó mu tán. Omi, eruku àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tirẹ̀.

Ohun tí òtútù ń ṣe sí ẹ̀rọ

Epo àti jíjí ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróòlù kì í jóná nígbà tí ó bá wà bí omi. Oru rẹ̀ ni ó ń gbaná. Kí ó tó lè jóná tán, ìwọ̀n epo kan nílò nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, díẹ̀ nínú epo náà ni ó ń di oru, ìyókù a sì lẹ̀ mọ́ ara irin. Iṣẹ́ choke ni láti dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru. Bí ẹni tí ó gùn ún bá gbàgbé láti dá choke padà, epo yóò pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, yóò sì rin. Èyí tètè ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn alùpùpù bíi Suzuki AX100, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo.

Ọ́ìlì. Lára agolo ọ́ìlì ni a ti ń rí àmì bíi 20W-50 tàbí 10W-40. Lẹ́tà W dúró fún ìgbà òtútù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: bí nọ́ńbà tí ó ṣáájú rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà ṣe ń tètè ṣàn tó nígbà tí ó bá tutù. Ní Èkó, 20W-50 ń ṣàn dáadáa ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ní ilẹ̀ tí omi ti ń dì, 10W-40 ni ó yá jù, bí ìwé alùpùpù náà bá fàyè gbà á.

Bátìrì. Bátìrì olójé máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ bí ó bá tutù dé digírì 0. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí ní Èkó. Ooru ọ̀sán, tí ń fa omi inú bátìrì gbẹ, ni ó ń ba á jẹ́ níbẹ̀. Òwúrọ̀ tútù kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni. Bátìrì volt 12 tí ó kún máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́.

Eruku. Ọyẹ́ máa ń dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo púpọ̀, á sì máa yọ èéfín dúdú. Bí a bá yọ asẹ́ náà kúrò pátápátá, eruku yóò máa ha inú ẹ́ńjìnnì, ìpalára yìí sì ju epo tí a ń fi ṣòfò lọ. Lára ṣéènì, eruku tí ó pò mọ́ gíríìsì máa ń jẹ eyín irin bí ayùn.

Omi àti táyà. Omi òjò máa ń wọ fìlà púlọ́ọ̀gì àti wáyà tí awọ rẹ̀ ti gbó, iná a sì gba ibẹ̀ sá lọ dípò kí ó dé púlọ́ọ̀gì. Ó tún máa ń wọ inú họ́ọ̀bù, kí láíníǹgì bíréèkì máa yọ̀. Lẹ́yìn tí a bá la àgbàrá kọjá, a ní láti rọra tẹ bíréèkì bí alùpùpù ṣe ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ooru lè gbẹ ẹ́. Ní ti táyà, bí òtútù bá fi digírì 10 pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 2 psi dínkù. Òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, ni a ń wọn ọ́n.

Sísọ alùpùpù àtijọ́ di ọ̀tun

Bíréèkì àti táyà ni ó ṣáájú. Láíníǹgì tí ó ti jẹ tán, wáyà bíréèkì tí ó ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán, àti táyà tí ojú rẹ̀ ti dán kò ní jẹ́ kí alùpùpù dúró lórí ọ̀dà tí ó tutù. Òjò àkọ́kọ́ léwu jù, nítorí pé ó ń gbé ọ́ìlì àti eruku tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà sókè. A lè gbé bíréèkì díìsì sí iwájú alùpùpù mìíràn, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì, họ́ọ̀bù àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a mu. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù tí a tọ́jú sàn ju díìsì tí a fi tipátipá so mọ́ ara irin tí kò lè gbé e.

Iná ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn CG125 àkọ́kọ́ àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ń lo volt 6. Gílóòbù watt 30 ń fa iná ampere 5 lórí volt 6, ṣùgbọ́n 2.5 péré ni ó ń fà lórí volt 12. Bí wáyà tí ó ti gbó bá ń dí iná lọ́nà ní ìwọ̀n ohm 0.2, volt 1 yóò ṣòfò nínú 6, ṣùgbọ́n ìlàjì volt ni yóò ṣòfò nínú 12. Ìdí nìyí tí iná alùpùpù àtijọ́ fi máa ń pọ́n bí àtùpà nínú kùrukùru ọyẹ́. Kí a tó yí i padà sí volt 12, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kọ́ìlì tí ń pèsè iná lè gbé e. A sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bátìrì, ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso iná, àwọn gílóòbù àti fèrè. Bí owó kò bá tó, nínu ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ ara irin lè dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà. Gílóòbù LED tún wúlò, nítorí pé kì í jẹ iná púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń tan iná sí púlọ́ọ̀gì. Alùpùpù àtijọ́ ń lo pọ́íńtì, tí ó jẹ́ ojú irin méjì tí ń fara kan ara wọn tí wọ́n sì ń yà. Ojú wọn máa ń jó, ọ̀rinrin sì máa ń bà wọ́n jẹ́. CDI kò ní ojú irin tí ń fara kan ara wọn, nítorí náà iná rẹ̀ kì í yẹ̀ bí ti pọ́íńtì. Fífi CDI rọ́pò pọ́íńtì àti yíyí fìlà púlọ́ọ̀gì padà sábà máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì tètè jí.

Agbára ẹ́ńjìnnì ni ó kẹ́yìn. Alùpùpù tí a mú sáré láì tún bíréèkì rẹ̀ ṣe ti di ewu fún ẹni tí ó gùn ún, fún èrò ẹ̀yìn rẹ̀ àti fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn.

Ẹni tí ó gùn ún

Afẹ́fẹ́ máa ń mú kí òtútù wọ ara ju bí ó ṣe rí lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àwọn àjọ ojú-ọjọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò láti 2001, bí ojú-ọjọ́ bá wà ní digírì 10, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 70 ní wákàtí kan, awọ ara tí a kò bò yóò mọ̀ ọ́n bíi digírì 5. Aṣọ tí ó rin tún burú sí i, nítorí pé omi tí ń gbẹ máa ń kó ooru ara lọ. Ọwọ́ ni ó ń kọ́kọ́ kú tipiri, ọwọ́ yìí kan náà ni a sì fi ń tẹ bíréèkì iwájú. Bí alùpùpù bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó ń rìn tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọwọ́ tí ó tutù bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, mítà 14 ti lọ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbọ̀wọ́, kóòtù òjò tí kì í fẹ́ lẹ́lẹ́, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti awò tí ń gba eruku lójú ni ó yẹ kí ó wà lára. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà máa ń yí kóòtù wọn padà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á wà níwájú, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba àárín bọ́tìnnì wọ àyà. Agboòrùn ńlá tí àwọn kan ń so mọ́ alùpùpù ń gba òjò, ṣùgbọ́n ìjì lè fi í gbé alùpùpù yà kúrò lọ́nà.

Ní 1 Oṣù Kìíní 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá gbígbẹ borí láti tan àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ. Igbá kò lè gba orí lọ́wọ́ ọ̀dà. Akoto gidi ń gbà á, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ òtútù létí.

Òfin ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀

Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 dá ọ̀kadà dúró lórí ọ̀nà 475. Ní 1 Oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní 1 Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó fẹ̀ ẹ́ dé Kòṣọ́fẹ́, Ṣómólú, Muṣin àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀, níbi tí Ailegun wà, pẹ̀lú àwọn agbègbè ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ìjọba ti fi ẹ̀rọ fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀kadà tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó rú òfin náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ náwó sórí alùpùpù àtijọ́ ní agbègbè yìí láti fi kérò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin ti gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Bátìrì tuntun, CDI àti iná tí ó mọ́lẹ̀ lè gba alùpùpù lọ́wọ́ òjò àti ọyẹ́. Wọn kò lè gbà á lọ́wọ́ òfin.