Kọ̀ǹpútà Tó Ń Rí Ìforígbárí Kí Ilé-iṣẹ́ Tó Dúró

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò nílẹ̀ náà. Òfin yìí kan Bantè àti Savalou gan-an, nítorí kajú wà lára ohun ọ̀gbìn tó ń mú owó wọlé fún àgbẹ̀ ibẹ̀. Bí kajú kò bá gbọdọ̀ jáde láìfọ́, ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ ọ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Àwọn kan ti wà ní Glo-Djigbé, nítòsí Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tirẹ̀ sẹ́bàá oko, lójú ọ̀nà tó ti Dassa gba Savalou àti Bantè lọ sí Bassila, ní láti mọ ohun kan tó máa ń jẹ owó kí ẹ̀rọ tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí nǹkan méjì máa du ojú kan náà.

Ilé-iṣẹ́ kajú kì í ṣe ẹ̀rọ kan péré. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa kajú sọ́tọ̀ bó ṣe tóbi sí, wọ́n á fi ooru omi láti inú bọ́ílà sè é kí èèpo rẹ̀ lè rọrùn láti fọ́, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó ọmọ inú rẹ̀ sínú ààrò kó gbẹ, wọ́n á bó awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀, kí wọ́n tó dì í sápò. Páìpù ló ń gbé ooru omi, bẹ́líìtì ló ń gbé kajú láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, wáyà iná wà lókè, òpó irin ló gbé òrùlé dúró. Ẹni tó ya òpó kọ́ ló ya páìpù, ẹni tó ya páìpù kọ́ ló ya ọ̀nà wáyà. Iṣẹ́ kálukú lè pé pérépéré kí àpapọ̀ rẹ̀ má ṣeé kọ́. Bí ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì ló rí: ìwé àwọn méjèèjì pé, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó búlọ́ọ̀kù dé ni ìjà tó bẹ́.

Nígbà tó jẹ́ bébà nìkan ni wọ́n ń lò, àwọn ẹnjiníà máa ń gbé àwòrán léra wọn láti wá ibi tí wọ́n ti forí gbárí. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń fi ike kọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré sórí tábìlì kí wọ́n lè fojú rí i. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ CADCentre ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní PDMS. Ètò yìí ń ya ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú gígùn, ìbú àti gíga, ó sì lè wò ó bóyá páìpù kan ti gba inú òmíràn kọjá. Orúkọ CADCentre ti di AVEVA báyìí, àwọn ètò mìíràn bíi Navisworks sì ti wà lójà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ló ní orúkọ, ìwọ̀n, àti ibi tó wà láti ojú kan tí gbogbo ayàwòrán ti fẹnu kò sí. Ohun 10,000 lè bára wọn pàdé ní ọ̀nà 49,995,000, nítorí náà kọ̀ǹpútà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní lẹ́sẹ̀ kan náà. Yóò kọ́kọ́ fi àpótí tí a kò lè fojú rí yí ohun kọ̀ọ̀kan ká. Bí àpótí méjì kò bá kan ara wọn, ohun tó wà nínú wọn kò lè kan ara wọn, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti parí. Àwọn díẹ̀ tí àpótí wọn bá wọnú ara wọn nìkan ni yóò wá yẹ̀ wò dáadáa, ojú sí ojú, etí sí etí, títí yóò fi mọ̀ bóyá irin ti wọ inú irin ní tòótọ́ àti bó ṣe wọlé jìnnà tó.

Oríṣi ìforígbárí mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́lé mọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ohun líle wọ inú ohun líle, bí páìpù tó gba àárín òpó kọjá. Èkejì ni kí wọ́n kàn fara kanra. Ẹ̀kẹta ni kí àyè má tó, òun ló sì máa ń fara sin jù. Ẹ wo páìpù ooru omi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 114. Bí àtẹ tó gbé wáyà iná bá jìnnà sí àárín páìpù náà ní mìlímítà 90, àyè mìlímítà 33 ló kù, ojú á sì rí i pé ó tó. Ṣùgbọ́n páìpù ooru kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò. Bí wọ́n bá fi ìbora tó nípọn tó mìlímítà 50 dì í yíká, ìbora náà yóò wọ inú àtẹ wáyà ní mìlímítà 17. Bí ayàwòrán kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìbora wà, kọ̀ǹpútà á ní kò séwu.

Ooru gan-an tún ń gba àyè. Páìpù irin tó gùn tó mítà 20, bí ooru rẹ̀ bá fi 100°C lé sí i, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 24. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà náà ní láti ní àyè tí òṣìṣẹ́ á fi ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kó eérú, fáàfù sì ní láti wà níbi tí ọwọ́ lè dé. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á ya àyè wọ̀nyí sínú àwòrán bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ohun tó ní ara, kí kọ̀ǹpútà lè kígbe nígbà tí ohunkóhun bá dí wọn.

Rírí ìforígbárí kò tíì jẹ́ àtúnṣe. Ìròyìn tí kọ̀ǹpútà bá kọ lè kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: bóòtù tó wà nínú ihò rẹ̀, páìpù tó jókòó sórí ohun tó gbé e dúró. Bákan náà, páìpù kan tí wọ́n gbé sí gíga tí kò yẹ lè gba inú òpó mẹ́wàá kọjá, kó sì fara hàn bí ìṣòro mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìròyìn tó dára máa ń ní nọ́ńbà, orúkọ ohun méjèèjì, ibi tí wọ́n wà, bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn tó, àwòrán ibẹ̀, orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Wọn kò gbọdọ̀ pa ìlà kankan rẹ́ títí kọ̀ǹpútà yóò fi tún yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì jẹ́rìí pé ìforígbárí náà ti lọ.

Ta ni kó yẹ̀ fún ta? Ohun tó tóbi tàbí tó gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kì í sábà yẹ̀. Páìpù tó ń dá omi padà láti ara ẹ̀rọ ìsè gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn, nítorí náà wáyà tó lè tẹ̀ ni yóò yípo. Àwọn ẹnjiníà tó fi èdè Faransé kàwé ń pe iṣẹ́ mímú àwòrán gbogbo bára mu yìí ní synthèse, ẹnì kan pàtó ló sì yẹ kó wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá pàápàá ti fara gbá a. Ní ọdún 2006, Airbus rí i pé wáyà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfurufú A380 kò dé ibi tó yẹ kó dé nígbà tí wọ́n fẹ́ tò ó ní Toulouse. Ẹ̀dà ètò ìyàwòrán CATIA tí wọ́n ń lò ní Hamburg yàtọ̀ sí ti Toulouse, àwòrán méjèèjì kò sì bára wọn mu. Wáyà inú ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 530. Àtúnṣe rẹ̀ fa ìdádúró: oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ Singapore Airlines.

Ní Savalou tàbí Bantè, ohun tí wọ́n bá gé láṣìṣe lè ní láti padà lọ sí Kútọnu, ìrìn tó lé ní kìlómítà 200, kí àwọn alájórin sì jókòó dúró dè é. Àkókò kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìná owó: ọ̀fẹ́ ni FreeCAD tí wọ́n lè fi yàwòrán, ọ̀fẹ́ náà sì ni IfcClash tó ń wá ìforígbárí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó kọ́ ilé-iṣẹ́, ẹ béèrè ìròyìn ìforígbárí lọ́wọ́ ẹnjiníà yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan tó ṣe pàtàkì bá ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré.