Ìwé Ìtàn Àròsọ àti Ìwé Òtítọ́: Èwo Ni Kí Ọ̀dọ́ Kà?
(Àròkọ Alálàyé)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe oríṣìí kan, owó akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í pọ̀. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀ wá sí ilé wa ní Ìsọlọ̀, Oṣòdì ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀. Mo máa ń dúró níbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ìwé àlòkù, owó ìwé kan ṣoṣo ni yóò sì wà lápò mi. Èwo ni kí n rà? Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí oríṣìí kọ̀ọ̀kan wà fún.

Oríṣìí kìíní ni ìtàn àròsọ. Òǹkọ̀wé ni ó fi làákàyè ara rẹ̀ hun ìtàn náà, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ọdẹ àti iwin ni ó kún inú rẹ̀, síbẹ̀ ìgboyà àti ìfaradà ni ó ń kọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn, kí ó ka Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969). Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti ń da ọ̀dọ́ láàmú, kí ó ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974).

Oríṣìí kejì ni ìwé òtítọ́. Fágúnwà kan náà kọ Ìrìnàjò, nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ó lọ sí Ìlú Ọba. C. L. Adéoyè ṣàlàyé ìṣe àwọn baba wa nínú Àṣà àti Ìṣe Yorùbá (1979). Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní 1897. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ẹ̀dà tí ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ. Ní 1921 ni ó tó di títẹ̀ jáde.

Ó léwu kí á da oríṣìí méjèèjì pọ̀. Ní 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń kọ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè ní tòótọ́. Èmi náà ṣe irú àṣìṣe yìí. Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ kíláàsì pé Ṣẹ̀gilọlá gbé Èkó rí. Olùkọ́ mi fa ìlà pupa sí i, ó ní, “Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?” Ojú tì mí.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ka àròsọ, mo máa ń bèèrè pé, “Irú ìwà wo nìyí?” Bí ó bá jẹ́ ìwé òtítọ́, mo máa ń bèèrè pé, “Ta ni ẹlẹ́rìí?” Ní ti owó, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fohùn ṣọ̀kan: òun yóò ra àròsọ, èmi yóò ra òtítọ́, a ó sì jọ pààrọ̀ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì a máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Àkíyèsí: Nínú àròkọ alálàyé, pín kókó rẹ sí ọ̀nà tí ó yé ni, kí o sì fi àpẹẹrẹ tí ó dá ọ lójú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.